Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ẹsẹ̀ Ara Yín Gba Ààyè ní Boston Marathon

Nígbà tí mo sọ fún bọ̀ọ̀dá mi àgbà ní Ìbàdàn pé mò ń lọ sáré kìlómítà 42 ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní, "Èló ni wọ́n máa san fún ẹ?" Mo ní èmi ni mo máa sanwó. Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù. Wọ́n wá ní, "Ta ló ń lé ẹ?"

Èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Aago ni èmi ń lé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi lé e kí n tó bá a, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ni mí, ní Peckham ní London. Mò ń kọ èyí kí ẹ̀yin má baà pẹ́ lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sá London Marathon, lọ́tìrì ló mú wọn. Boston kò ní lọ́tìrì. Láti 1897 ni wọ́n ti ń sá a, kò sì sí marathon ọlọ́dọọdún mìíràn láyé tó dàgbà tó o. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ á mú àkókò tó ti sá ní marathon mìíràn lọ fún wọn, wọ́n á sì wò ó bóyá ó yá tó fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kéèyàn bá ẹgbẹ́ aláàánú kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là jọ. Ọ̀nà tó dáa nìyẹn náà, ṣùgbọ́n mi ò gba ibẹ̀, ti aago ni mo lè sọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí aago yín gbọ́dọ̀ jẹ́

Láti ìdíje 2026 ni wọ́n ti ń lo ìwọ̀n wọ̀nyí. Ọkùnrin ọdún 18 sí 34 gbọ́dọ̀ ti sá marathon ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 55, obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 25. Fún ọdún 35 sí 39, ó jẹ́ 3:00 fún ọkùnrin, 3:30 fún obìnrin. Ọdún 40 sí 44: 3:05 àti 3:35. Ọdún 45 sí 49: 3:15 àti 3:45. Ọdún 50 sí 54: 3:20 àti 3:50. Ọdún 55 sí 59: 3:30 àti 4:00. Ọdún 60 sí 64: 3:50 àti 4:20. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹni 80 ọdún sókè, tí wọ́n fún ọkùnrin ní 4:50, obìnrin ní 5:20.

Ọjọ́ orí tí ẹ máa jẹ́ lọ́jọ́ ìdíje Boston gan-an ni wọ́n ń lò, kì í ṣe èyí tí ẹ jẹ́ nígbà tí ẹ sá èyí tí ẹ fi ń wọlé. Ẹni ọdún 44 ni mí nígbà tí mo sá ti Manchester, mo sì ti pé 45 kí Boston tó dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi kún un fún mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú mi dùn pé mò ń darúgbó.

Ibi tó ti ń dun àwọn èèyàn rèé: àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀ kì í ṣe àkókò tó máa gbà yín wọlé. Òun ló kàn fún yín láṣẹ láti béèrè. Tí àwọn tó béèrè bá pọ̀ ju ààyè lọ, ẹni tó yá jù ni wọ́n á kọ́kọ́ mú, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ títí ààyè á fi kún. Fún 2024, ẹni tí kò bá fi ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 29 yá ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ kò wọlé. Fún 2025, ó di ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 51. Wọ́n wá gé ìṣẹ́jú márùn-ún kúrò lára ìwọ̀n àwọn tí kò tíì pé 60, síbẹ̀ fún 2026 èèyàn ṣì ní láti fi ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 34 yá jù ú lọ.

Ẹ wo tèmi. Ìwọ̀n mi fún 2025 jẹ́ 3:50, mo sá 3:42:20. Ìṣẹ́jú àáyá 49 péré ló gbà mí sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń sáré ní Burgess Park sá 3:44, ó yá ju ìwọ̀n lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọn ò mú un. Ká ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo mú 3:42 mi lọ ni, èmi náà ì bá jókòó sílé. Nítorí náà, ẹ yọ ìṣẹ́jú mẹ́jọ kúrò lára ìwọ̀n yín, kí ẹ sì gbàgbé pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn wà.

Ẹ yan ìdíje tí ẹ máa fi wọlé

Ọ̀nà tí wọ́n ti fi òṣùwọ̀n tí ayé gbà wọ̀n ni kí ẹ sá. Bí ó bá jẹ́ ìdíje tí World Athletics tàbí AIMS, àwọn ẹgbẹ́ àgbáyé fún eré sísá, mọ̀ sí, ọkàn yín balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́jú àti ojú ọjọ́ tó tutù. Manchester ní oṣù Kẹrin tẹ́jú, òun ni mo fi wọlé. Berlin náà tẹ́jú, ṣùgbọ́n ìparí oṣù Kẹsàn-án ni, ìforúkọsílẹ̀ Boston ọdún náà á ti kọjá. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ máa lò ó fún.

Àwọn kan máa ń wá ọ̀nà tó ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè yá. Boston ti rí wọn. Láti ìdíje 2027, tí ibi tí ẹ parí sí bá fi 1,500 ẹsẹ̀ bàtà (bíi mítà 457) rẹlẹ̀ ju ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún àkókò yín. Tó bá tó 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá tó 6,000, wọn ò ní gbà á rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó á béèrè pé, Lagos City Marathon wa ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀. Láti 2016 ni wọ́n ti ń sá a, ẹ ó gbéra ní National Stadium ní Surulere, ẹ ó gba orí Third Mainland Bridge, ẹ ó parí sí Eko Atlantic. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin àti oòrùn oṣù Kejì ní Èkó kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yá. Ẹni tó sá 3:50 níbẹ̀ lè sá 3:40 níbi tó tutù. Ẹ fi ti Èkó kọ́ ara, kí ẹ wá ibòmíràn fi lé aago.

Ìgbáradì: ẹ rọra sáré kí ẹ lè yá

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí ẹ sì mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín. Àwa Yorùbá tó jẹ́ AS pọ̀. Ẹni AS lè sá marathon, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sáré kíkan nínú ooru láìmu omi, kò sì gbọdọ̀ fò láti orí eré kékeré bọ́ sórí eré ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣan ara rẹ̀ lè bàjẹ́, ó sì lè la ẹ̀mí lọ. Kí ẹni SS má ṣe dán an wò láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀ sí i. Obìnrin tó bá ń ṣàdédé rẹ̀ lójú ọ̀nà, kó lọ yẹ áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó sọ pé ọ̀lẹ lòun.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo fi ń lé aago, ṣe ni mo ń fi ṣòfò. Gbogbo ìgbà tí mo bá jáde, mo máa ń sáré débi tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo máa ń darí wálé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn pé mo ṣiṣẹ́. Mi ò sáré pẹ̀lẹ́ tó láti kọ́ ara, mi ò sì yára tó láti kọ́ ẹsẹ̀. Agbedeméjì ni mo wà, ojúgun sì ń dùn mí ṣáá. Ọ̀kan lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ eré sísá wa, bàbá ará Jàmáíkà kan, ló wò mí tó ní kí n máa sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń sáré. Mi ò lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ó ní, "Ó ti yá jù."

Láti ọjọ́ náà, nínú ọjọ́ márùn-ún tí mò ń sáré lọ́sẹ̀, mẹ́ta jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ lè fi ìpè WhatsApp dán an wò: bí ẹni tí ẹ pè kò bá mọ̀ pé ẹ ń sáré, ìyẹn gan-an ló dáa. Ní tèmi, oríkì ilé wa ni mo máa ń kì. Tí mo bá ní láti dúró mí láàárín ìlà kan, mo mọ̀ pé kí n dín in kù. Nígbà tí mò ń lé ìyára ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 16 fún kìlómítà kan, eré pẹ̀lẹ́ mi ń tó ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀, ìgbà mìíràn méje. Ojú máa ń kọ́kọ́ tì mí. Àwọn ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ a sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá mi.

Ọjọ́ méjì tó kù ni iṣẹ́ wà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń sá kìlómítà kan lẹ́ẹ̀mẹfà, kí n rọra rìn fún ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn, ní ìyára tó ju ti ìdíje lọ. Ọjọ́ Àìkú ni eré gígùn, bí mo bá ti ilé ìwòsàn dé tí mo sì sùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 16, ẹ máa fi méjì kún un, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ dín in kù kí ara sinmi, títí ẹ ó fi dé 32 tàbí 34. Kókó rẹ̀ wà níbí: ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ sá kìlómítà 10 tàbí 12 tó gbẹ̀yìn eré gígùn náà ní ìyára tí ẹ fẹ́ fi sá ìdíje. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ ni ẹ ń kọ́. Ẹsẹ̀ tí kò tíì rẹ̀ mọ̀ ọ́n sá tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 16 sí 18 ló tó fún gbogbo èyí, fún ẹni tó ti ń sáré déédéé tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò tíì sá kìlómítà 10 rí, kó fún ara rẹ̀ ní ọdún kan kó tó ronú Boston. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ dín in kù. Ara á máa yún yín, ẹ ó máa rò pé ẹ ti gbàgbé eré. Ẹ fi í sílẹ̀.

Bàtà: ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó máa jẹ́ kí ẹ sá a wò, kó fi ìka kan gùn ju ẹsẹ̀ yín lọ, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kìlómítà 500 sí 800. Ẹ má wọ tuntun lọ sí ìdíje láé. Básílíìnì sí abẹ́ apá, itan, àti orí ọmú, ẹ̀yin ọkùnrin náà. Ẹ̀jẹ̀ lórí aṣọ funfun kì í ṣe ohun ìwúrí.

Oúnjẹ

Ara kò lè kó agbára tó máa gbé èèyàn dé kìlómítà 42 jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó wà nínú iṣan sábà máa ń tán ní bíi kìlómítà 30. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń di òkúta. Nítorí náà, ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ jẹ ìrẹsì funfun, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì, kí ẹ dín ọ̀rá àti ẹran kù. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ àti ata sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìrẹsì láìsí ata dà bí oúnjẹ aláìsàn. Ẹ fara dà á. Mo ti fi ọbẹ̀ ata sáré rí, ṣáláńgá mẹ́ta ni mo dúró ní.

Lójú ọ̀nà, ẹ wá gíráàmù 60 ṣúgà ní wákàtí kan. Jẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ṣúgà kíki inú ọ̀rá kékeré tí sárésáré ń fà mu, sábà máa ń ní bíi 25. Ẹ fi wọ́n kọ́ ikùn nígbà eré gígùn, torí ikùn tí kò mọ̀ wọ́n á pọ̀ wọ́n.

Ní ti omi, àṣejù wà níbẹ̀. Ní 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré 488 wò lópin ìdíje Boston, wọ́n rí i pé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lára 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn tó mu omi débi tí wọ́n fi tẹ̀wọ̀n ju bí wọ́n ṣe wà kí wọ́n tó gbéra ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ẹ mu ún bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín.

Ẹ forúkọ sílẹ̀

Oṣù Kẹsàn-án ni Boston Athletic Association, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje náà, máa ń ṣí ìforúkọsílẹ̀, lórí ìkànnì wọn, fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ín. Ìyára nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n á lọ wá orúkọ yín nínú èsì ìdíje tí ẹ dárúkọ. Níbí ni àwa ti ń kóra wa sí wàhálà. Ẹni tó bá jẹ́ Oluwaseun nínú ìwé ìrìnnà, tó wá fi Seun sáré, tí orúkọ bàbá sì ṣáájú ní ibì kan tó kẹ́yìn ní ibòmíràn, á ṣàlàyé títí. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà yín gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gba nọ́ńbà àyà ní Boston pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò; ẹ ò lè rán ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì á gba ESTA, àṣẹ ìrìnàjò sí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ní ti Nàìjíríà nílò fisa, kó sì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo, torí òfin ń yí padà, àwọn tó ṣètò ìdíje kò sì lè bá yín gbà á. Ilé ìtura náà, ẹ gbà á ní kíá. Owó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ọjọ́ ìdíje

Ọjọ́ Ajé kẹta oṣù Kẹrin ni, ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ń pè ní Patriots' Day. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń gbé ọmọ ilé ìwé ló ń gbé sárésáré láti Boston Common lọ sí Hopkinton. Láti ìgbà tí bọ́ǹbù bú gbàù nítòsí ìlà òpin ìdíje náà ní 2013, wọn kì í jẹ́ kí ẹ gbé báàgì wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ wọ súẹ́tà àti ṣòkòtò àlòkù tí ẹ lè bọ́ jù sílẹ̀. Wọ́n máa ń kó wọn fún àwọn aláìní. Ẹ lè dúró fún wákàtí méjì lórí koríko tútù, ẹ gbé ọ̀rá ìdalẹ̀nù kan dání láti jókòó lé. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò ní alábàárò: ooru ọdún 2012 le débi pé wọ́n gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn kí wọ́n sún ti wọn sí ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò òun ìjì olótùútù ni wọ́n sá nínú rẹ̀ ní 2018.

Ìlú mẹ́jọ ni ẹ máa gbà kọjá. Hopkinton fi nǹkan bíi mítà 140 ga ju ibi tí ẹ máa parí sí lọ, ọ̀nà sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní kété tí ẹ bá gbéra. Ní 2011, Geoffrey Mutai sá a ní 2:03:02, kò sẹ́ni tó sá marathon yá tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà, síbẹ̀ wọn ò kà á sí ìtàn ayé tuntun nítorí bí ọ̀nà náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Ìsọ̀kalẹ̀ ń jẹ iṣan iwájú itan bí ikán, ẹ ò sì ní mọ̀ títí di kìlómítà 30. Kí ẹ tó lọ, ẹ wá ibi tó dagẹrẹ, ẹ máa sá a sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá lọ́ra ju ìyára yín lọ ní kìlómítà mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ọgọ́rọ̀ èèyàn á kọjá yín. Èrò tún máa ń há gan-an níbẹ̀. Ní 2025 tí mo lọ, John Korir ṣubú nídìí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún gba ipò kìíní pẹ̀lú 2:04:45. Àwa tó kù kò lè ṣubú kí a sì gbé e bẹ́ẹ̀.

Máìlì ni wọ́n fi ń sàmì sójú ọ̀nà, ẹ yí ìyára yín sí máìlì ṣáájú. Omi wà níwọ̀n máìlì kọ̀ọ̀kan láti ìkejì lọ.

Ní Wellesley, nítòsí ìdajì ọ̀nà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì á máa pariwo débi tí ẹ ó ti gbọ́ wọn kí ẹ tó rí wọn. Ariwo yẹn ń mú ẹsẹ̀ yá láìbéèrè. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn, kí ẹ má fún wọn ní agbára yín, torí Newton ń bọ̀. Òkè mẹ́rin ló wà níbẹ̀, láti bíi kìlómítà 26 títí di 34. Èyí tó kẹ́yìn ni Heartbreak Hill. Kò ga, mítà 27 péré. Ní 1936, Johnny Kelley bá Ellison Brown níbẹ̀, ó fọwọ́ gbá a léjìká bó ṣe ń kọjá. Inú bí Brown, ó sáré padà bá a, òun ló sì gbégbá orókè. Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé òkè yẹn ba Kelley lọ́kàn jẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Ẹ má gbá ẹnikẹ́ni léjìká. Ẹ wo ilẹ̀ mítà mẹ́wàá níwájú, ẹ gé ìṣísẹ̀ kúrú, ẹ gbàgbé aago títí ẹ ó fi dé orí rẹ̀.

Níbẹ̀ ni pajápajá mú mi, ní ẹ̀yìn ojúgun òsì. Mo rìn ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, mo mu omi oníyọ̀, mo tún sáré. Lẹ́yìn náà ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Brookline. Nígbà tí ẹ bá dé abẹ́ pátákó Citgo ńlá, ó ku máìlì kan. Ẹ ó yà sọ́tùn-ún sí Hereford, ẹ ó yà sósì sí Boylston, ẹ ó sì rí ìlà òpin lọ́ọ̀ọ́kán. Ó jìnnà ju bó ṣe rí lójú lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ibẹ̀.

Mo sá a ní 3:51. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n fi aṣọ ìbora bò mí. Mo pe bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n ní, "Ṣé o bá a?" Mo dé ilé ìtura tí mo gbà sí, àjà kẹta ni yàrá mi, lífítì kò sí. Mo gùn ún tán, àmọ́ nígbà tí ebi lé mi jáde, ẹ̀yìn ni mo fi sọ àtẹ̀gùn náà kalẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lára irin. Kí ẹ tó sanwó ilé ìtura tiyín, ẹ béèrè lífítì.